Bàbá Sítọ́ọ̀ Pa Ààlè sí Sílíńdà Ọ́síjìn

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun kan tó ṣojú mi nílé ìwòsàn tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní agbègbè Ìkọ̀lé. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Bí èèyàn bá ń wá ẹnìkan, ẹsẹ̀ ni yóò fi wá a.

Sílíńdà ọ́síjìn kéékèèké ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ńlá wà lóòótọ́, tí wọ́n dúró gbagidi bí òpó, ṣùgbọ́n kékeré ni gbogbo wọ́ọ̀dù fẹ́ràn, nítorí pé èèyàn lè gbé e sáré tọ aláìsàn lọ. Kò sì pọ̀. Ohun tí kò bá pọ̀, ẹ ṣáà mọ bí a ti ń ṣe sí i: a máa ń fi í pamọ́ ni.

Wọ́ọ̀dù aláboyún á gbé tiwọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn á fi ìró bò ó. Wọ́ọ̀dù ọkùnrin á gbé tiwọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí a bá ní ká yá a, wọn á ní sílíńdà wo, àwọn ò fojú kàn án láti ìjẹta. Ṣé àwa wọ́ọ̀dù ọmọdé kì í fi í pamọ́ ni? Ẹ má bi mí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù ni Bàbá Sítọ́ọ̀. Ọmọ Ìpáò ni, ohùn Èkìtì kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, àgbà ìjọ Áńgílíkà, òun ló ń tọ́jú gbogbo sílíńdà ilé ìwòsàn. Láràárọ̀ ni í máa ti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Á bẹ̀rẹ̀, á yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wá kí aláìsàn tó wà lórí rẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara á le. Ṣé kò sí àlejò kankan nínú ulé tó wà nísàlẹ̀ yín yìí?" Aláìsàn á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò kúkú ti ilẹ̀kùn yàrá ọ́síjìn? Mátíròn ni kò gbà. Nígbà kan rí, wọ́n tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó lọ ìsìn, díẹ̀ ló kù kí aláìsàn kan bá a lọ. Láti ìgbà náà ni Mátíròn ti ní ilẹ̀kùn yẹn kò gbọdọ̀ rí àgádágodo mọ́.

Bàbá wá gbé ọgbọ́n tirẹ̀ kalẹ̀. A dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, a bá sílíńdà kékeré kan ní kọ̀rọ̀ yàrá náà, ó kún dáadáa, àkísà pupa wà lọ́rùn rẹ̀, ṣúkù àgbàdo kan àti àjákù bàtà ń mì dirodiro lára àkísà náà. Bàbá ti pa ààlè sí i.

Ẹni tó bá dàgbà lóko mọ ààlè. Bàbá tó bí mi náà máa ń pa á sídìí iṣu. Ó ń wí fún ẹni tó ń kọjá pé nǹkan yìí ní olóhun. Olè tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tó bá rí, kó fara mọ́ ọn.

Mátíròn ní, "Bàbá, ẹ̀yin àgbà ìjọ, irú kí ni èyí?"

Bàbá ní, "Mátíròn, mi ò pe ọfọ̀ kankan sí i. Àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹyọ kan yìí, ti ọjọ́ ìṣòro ni."

Mátíròn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ààlè náà ṣiṣẹ́ o. Ẹni tó máa ń yọ́ gbé sílíńdà tẹ́lẹ̀ kò sún mọ́ kọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, ẹni tó jẹ́ pé tó bá ń gbàdúrà, páànù orí ilé á máa gbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì ni òun náà ń gbà kọjá.

Ó ṣiṣẹ́ jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá gba àyè lọ wo oko iṣu rẹ̀. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti kó àwọn sílíńdà tó ti tán lọ sí Àkúrẹ́ láti lọ rọ ọ́síjìn sí wọn. Yàtọ̀ sí èyí tó ní ààlè lára, ọ̀kan ṣoṣo tó kù wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, lára obìnrin kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ìgbà náà ni ọ̀kadà kan já wọ ọgbà wa, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbá ọmọkùnrin rẹ̀ mọ́ àyà. Odò-Orò ni wọ́n ti wá, Ràfíù ni ọmọ náà ń jẹ́. Òtútù àyà ti mú un débi pé ihà rẹ̀ ń wọ inú bó ti ń mí, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ká gbé ọ́síjìn wá kíákíá.

Èmi àti Folúkẹ́ sáré dé yàrá ọ́síjìn, Súnmọ́nù tó máa ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn tẹ̀lé wa. Ẹ wá wò wá. À ń wo sílíńdà, sílíńdà ń wò wá.

Folúkẹ́ ní, "Òun nù un, gbé e."

Mo ní, "Ìwọ gbé e. Ṣebí ìwọ lo ní ẹ̀rù kan kì í bà ọ́."

"Ẹ̀rù ò bà mí. Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù."

A wo Súnmọ́nù. Ó ní, "Ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi o. Bàbá mi kò rán mi lọ tú ààlè ẹnikẹ́ni rí."

Kò pẹ́ rárá tí a fi dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí èémí mí, ṣé ó ní àsìkò tó ń fi ṣòfò? Mo mọ̀. Síbẹ̀, ààlè yẹn ni mo ṣì ń wò.

Àfi bí a ti gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa. Ìyá Ràfíù ni. Ó ti fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Dókítà, ó wá wo ohun tó dá wa dúró.

Ó ní, "Ṣé èyí ni?"

Mo ní òun ni, ṣùgbọ́n Bàbá Sítọ́ọ̀ ti pa ààlè sí i.

"Ẹ fẹ́ jí i ni?"

"Rárá o, Ìyá Ràfíù. Ọmọ yín la fẹ́ lò ó fún."

"Ẹ gbé e nígbà náà."

Òun fúnra rẹ̀ ló tú àkísà náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tú ọ̀já ọmọ. Ó yọ ìborùn orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síbi tí sílíńdà ti dúró, ó sì gbé ààlè lé e lórí. Ó ní bí olóhun bá dé, yóò mọ̀ pé olè kọ́ ló gbé e.

Mo wá rántí oko bàbá mi. Bí ebi bá pa èrò ọ̀nà, ó lè wa iṣu, kó sun ún, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀, kó fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ kí olóko rí i. Kò sẹ́ni tó máa pè é lólè. Súnmọ́nù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ gbé e, mo di ọrùn sílíńdà mú, ó di eré.

Folúkẹ́ so rọ́bà mọ́ imú ọmọ. A dúró. Díẹ̀díẹ̀, ètè Ràfíù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ lásán.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Bàbá dé. Yàrá ọ́síjìn ló kọ́kọ́ yà sí. Nígbà tó máa wọ wọ́ọ̀dù wa, ìborùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Súnmọ́nù rántí pé òun ní iṣẹ́ níta.

"Ta ló ni aṣọ yìí?"

Ìyá Ràfíù kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Àwọn ọmọ mi wọ̀nyí ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe tó fi jẹ́ ìwọ lo tú u?"

"Ẹ̀rù yín ló bà wọ́n, Bàbá."

Bàbá wo ọmọ, ó wo sílíńdà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Ó ní, "Uṣẹ́ tí ààlè yìí ṣe, ó kọjá uṣẹ́ tí mo rán an. Ràfíù, jọ̀ọ́ o, baba rẹ àgbà ni mí, má bínú sí mi."

Ní ọjọ́ kejì, ó kó ààlè rẹ̀ jù nù, ó gbé òfin mìíràn kalẹ̀: ẹni tó bá gbé sílíńdà, kó fi nǹkan ara rẹ̀ sípò rẹ̀. Ẹ ò bá wá rí yàrá ọ́síjìn! Bẹ́líìtì Mátíròn, fìlà Súnmọ́nù, bàtà Dókítà ẹsẹ̀ kan. Ta ló máa fi sílíńdà pamọ́ nígbà tó ń fi bàtà kan rìn? Bàbá kàn máa yọjú lárọ̀ọ́ ni, yóò sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́, títí àwọn aláìsàn fi ń béèrè pé bàbá tó ń wá àlejò dà? Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kó ṣáà lè kí wọn.

Ọjọ́ tí Ràfíù ń lọ sílé, Bàbá ti fọ ìborùn náà, ó ká a, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Ràfíù gbóòórùn ọṣẹ lára rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹni tó bá sáré dé tí kò ní nǹkan lára tó lè fi sílẹ̀, kó fi tèmi sílẹ̀."

Orí ìṣó kan nínú yàrá ọ́síjìn ni Bàbá fi í kọ́. Ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi gbé iṣẹ́ mi kúrò nílé ìwòsàn yẹn.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí a bá ń ṣọ́ nǹkan, ká má gbàgbé ẹni tí a ń ṣọ́ ọ dè. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti tú ààlè kan nítorí yín rí, kí ẹ̀mí lè dúró? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yá ìborùn Ìyá Ràfíù.