Ohùn Tó Ń Kà Lẹ́yìn Mi Lójú Ọ̀sà

Ẹ̀wù rọ́bà tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi ṣì wà lára ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìjagun, òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà kò sì kúrò lára rẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ títí, ó ti sú mi. Bí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú láàárọ̀, kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo máa ń gbọ́: ení, èjì, ení, èjì.

Àìsàn rọpá-rọsẹ̀ ti ṣe ẹ̀gbọ́n mi yìí rí. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ayé ti sú wọn. Ìdí fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ nílé wọn ní Òdògbólú. Nígbà tí dókítà wá ní kí wọ́n máa lo ọwọ́ náà dáadáa, ṣe ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀sà láti Ìkòròdú dé Ìwópin, ìlú tí wọ́n ti bí ìyá wa. Mo sọ nínú mi pé, irú kí leléyìí? Ìyàwó wọn pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní kí n bá wọn lọ, kí n sì mú ọkọ òun padà wálé láàyè. Mo ṣèlérí fún un.

Ọkọ̀ oníke tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní káyáàkì la háyà, èyí tí ẹni méjì ń jókòó tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Àwọn ni àgbà, wọ́n ní ẹ̀yìn ni àwọn máa wà kí àwọn lè máa darí rẹ̀. Bí mo ṣe kọjú síwájú nìyẹn, tí n kò rí wọn. Wọ́n á máa kà, a óò sì jọ máa ti àjẹ̀ bọ omi. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ tó mọ ṣọ́ọ̀kì dì mú nìkan ni tèmi.

Lọ́jọ́ kẹta, a ti kọjá Ẹ̀pẹ́, a dé ibi tí ọ̀sà ti fẹ̀ débi pé òdìkejì kò hàn dáadáa mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú, ìjì sì dojú kọ wá. Omi ń gbá mi lẹ́nu, èjìká ń ro mí, ọkọ̀ náà sì wúwo lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n, àmọ́ báwo ni àbúrò á ṣe bi ẹ̀gbọ́n tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní aláìsàn mọ́? Mo ń wà á lọ. Ohùn wọn ṣáà ń dún lẹ́yìn mi, kò gbọ̀n, kò lọ sílẹ̀. Mo sọ nínú mi pé bí ẹni tí ara rẹ̀ kò le bá lè máa wà á báyìí, ojú á tì mí bí mo bá dáwọ́ dúró. Mo ń sunkún, mo ń wà á, títí imú ọkọ̀ fi wọ inú koríko etí omi.

Ìgbà náà ni mo tó bojú wẹ̀yìn. Wọn ò ní àjẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí itan, ó rọ jọwọlọ, wọ́n sì fi tòsì di etí ọkọ̀ mú. Wọ́n ní bí ìjì ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ náà ti kọ̀ṣẹ́, omi sì ti gbé àjẹ̀ lọ.

Inú bí mi gidi. Èmi tí n kì í gbójú sókè wò wọ́n, mo jágbe mọ́ wọn pé wọ́n fẹ́ pa wá. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bí mo bá sọ fún ọ láàárín omi pé ìwọ nìkan ló kù, ṣé wàá lè wà á débí?"

Mo mọ̀ pé n kò ní lè wà á.

"Ẹ̀rù bà mí," ni wọ́n wá sọ. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí láti kékeré.

Àwọn apẹja abúlé kan yá wa ní àjẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síwájú lónìí." Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì bọ́ síwájú. Èmi ni mo kà dé Ìwópin. Bí ọwọ́ wọn bá ń falẹ̀, mo ń rí i, mo sì ń rọra kà.

Gbogbo èèyàn ní èmi ni mo mú wọn wálé, ìyàwó wọn ò sì yé dúpẹ́. Èmi mọ̀ pé apá mi nìkan kọ́ ló wa ọkọ̀ yẹn, ohùn wọn wà níbẹ̀. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ̀rù tún máa bà wọ́n lẹ́yìn mi láìjẹ́ pé mo mọ̀. Nísinsìnyí, bí mo bá lọ kí wọn ní Òdògbólú, mo máa ń bi wọ́n tààrà pé ṣé ó rẹ̀ wọ́n. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni.