Láfún Ìyálé Mi

Lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀kà, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Orí rẹ̀ ni àwa obìnrin àdúgbò ti ń sá láfún. Kò sẹ́ni tó ni ín, ṣùgbọ́n obìnrin kọ̀ọ̀kan mọ àyè rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló lo àyè tèmi kí n tó dé. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a tò ní ìlà ló pín àyè kan sí òmíràn, kò sì sẹ́ni tó ń sún òkúta ẹlòmíràn.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí àpáta yẹn, a kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Bí òjò bá ṣú, tí ẹni tó ni láfún kò sí nítòsí, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni yóò bá a kó o. Kò ní kọ́kọ́ rò ó bóyá àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo ti rí orogún méjì tí wọn kì í kí ara wọn, tí ọ̀kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá láfún èkejì jọ, tó sì ń bú u bó ṣe ń gbá a. Láfún tí òjò bá pa máa ń dúdú, ó máa ń rùn, kò sì sẹ́ni tó máa rà á ní Ìkàrẹ́. Gbogbo wàhálà, láti ọjọ́ tí a ti hú gbágùúdá lóko, á di oúnjẹ ewúrẹ́.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama ni wọ́n gbé mi níyàwó wá sí Ọ̀kà. Ọmọ mi àkọ́kọ́ ti ń tọ́ ọmọ tirẹ̀ báyìí, síbẹ̀ "Ìyàwó Ìkàrẹ́" ni wọ́n ṣì ń pè mí. N kì í bínú sí i.

Ìyálé mi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. A kò jọ fẹ́ ọkọ kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ó ti wà nínú agbo ilé kí n tó wọ̀ ọ́, nítorí náà ìyálé mi ni. Arígidì ni wọ́n ti gbé e wá. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ pé láfún ti gbẹ: fi eyín bù ú wò, bó bá dún, kó o. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, orúkọ ọmọ yẹn sì ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú ọmọ náà. Òun àti àwọn kan ló dá ọkọ̀ èrò lọ́nà láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́. Wọ́n gba tọwọ́ èrò, wọ́n sì fi ìdí ìbọn lu àwọn tó jiyàn. Ọkùnrin kan láti àdúgbò wa wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n fọ́ orúnkún rẹ̀, ọ̀pá ló sì fi ń rìn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àbúrò olórí wa lórí àpáta ni. Olórí wa yìí, ọmọ ilé ni, kì í ṣe ìyàwó. Àdúgbò yẹn ni wọ́n bí i sí, ó lọ sílé ọkọ, ó sì padà wá. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun tí ọmọ yẹn ṣe burú. Ó wà lẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ló sì yẹ ẹ́. N kò bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tú u sílẹ̀. Mo po ẹ̀kọ mímu, mo gbé e lọ fún ọkùnrin tó farapa náà nílé ìwòsàn. Ó yíjú sí ògiri. Mo gbé e kalẹ̀, mo kí i, mo jáde. Nígbà tí mo padà délé, mo bu èyí tó kù nínú ìkòkò fún ìyálé mi, nítorí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. Ìkòkò kan náà ni. Àwọn tó rí mi ní n kò mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà.

Láti ìgbà náà, orúkọ ìyálé mi yí padà. Ìyá Olè. Wọn kì í sọ ọ́ sí i lójú. Wọ́n máa ń sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́ bó bá ń kọjá.

Ọ̀sán kan ni òjò ṣú láti ẹ̀yìn òkè. Ìyálé mi ti lọ wo ọmọ rẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ẹnìkan ké pé, "Òjò o!" gbogbo wa sì bẹ́ sí i. A ń kó tiwa, a ń kó ti àwọn tí kò sí nílé. Nígbà tí mo gbójú sókè, láfún kan wà láàárín tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ṣe ni wọ́n ń fò ó kọjá.

Mo ní, "Ti ìyálé wa ńkọ́?"

"Èwo ni ìyálé?" olórí wa dáhùn. "Ìyá Olè lò ń pè ní ìyálé? Kí ọmọ ẹ̀ wá kó o. Ṣebí iṣẹ́ ẹ̀ ni, kó máa kó nǹkan oníǹkan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, n kò ní purọ́.

Tèmi ṣì kù nílẹ̀. Mo gbé abọ́ mi lọ sí àyè ìyálé mi, mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá. Òjò bá mi níbẹ̀. Tirẹ̀ wọ inú àpò ní gbígbẹ. Ìdajì tèmi ṣàn lọ sísàlẹ̀ àpáta bí omi ògì.

"Ìyàwó Ìkàrẹ́, ẹ mà ń ya wèrè o!" Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó kéékèèké ló sọ bẹ́ẹ̀ láti abẹ́ igi.

"Wèrè mi ni," mo dá a lóhùn. "Jẹ́ kí n ya á tán."

Wọ́n pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí wa lọ́jọ́ kejì. Gbogbo wọn ti jókòó.

"A ò bá ẹ jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó láfún ìyá yẹn, a ò ní kó tiẹ̀ mọ́. Ṣó yé ẹ?"

"Ó yé mi, ọkọ mi." Bẹ́ẹ̀ ni àwa ìyàwó ṣe ń pe ọmọ ilé, ìbáà jẹ́ obìnrin.

"Kí ló yé ẹ?"

"Pé ẹ ò ní kó tèmi mọ́."

"Ìwọ náà á wá jáwọ́ nínú tiẹ̀?"

"Rárá. Màá máa kó o."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí agídí Ìkàrẹ́! Orúnkún àbúrò mi ló fi ń ṣeré." Ojú rẹ̀ pọ́n, omi sì wà níbẹ̀. Mo rí i.

"Orúnkún yẹn ń dun èmi náà," mo ní. "Ṣùgbọ́n ìyá ò lu ẹnikẹ́ni."

"Òun ló bí i!"

"Òun ló bí i. Kí ló fẹ́ ṣe sí i báyìí, ọkọ mi? Ṣé kó gbé e mì padà ni?"

Wọ́n ní inú mi ló dára jù. Rárá o. Inú mi kò dára lọ́jọ́ yẹn, ó ń hó ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n máa ń wàásù ìfẹ́, gbogbo wa á ṣe àmín. Wọ́n ń wàásù rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí tí olórí wa ń lọ náà. A máa ń gbọ́ ọ láti ilé. Ibi méjèèjì ni a ti gbà pé ó dára. Àmọ́ ìfẹ́ tó kọ́kọ́ ń béèrè ìwà ọmọ ẹni kó tó bá ẹni kó láfún, òwò ni. Mo mọ òwò. Mo ń ṣe é ní Ìkàrẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èrè kan wá bá mi. Kò pẹ́ sí i, mo gbé láfún lọ sọ́jà ní Ìkàrẹ́, mo fi èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sílẹ̀ lórí àpáta. Láti ìsọ̀ tí mo jókòó sí ni mo ti rí i tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ sí ọ̀nà Ọ̀kà. Mo pe ọlọ́kadà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí òjò yìí rọ̀ dá ná," ó ní.

"Tó bá ti dá, kí ni mo tún ń sáré lọ ṣe?"

Nígbà tí mo débẹ̀, láfún gbogbo ènìyàn ti wà nínú àpò. Tèmi nìkan ló wà nínú omi. Wọ́n ti gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, ó mọ́ tónítóní. Ìyálé mi sáré dé láti oko, ó bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó wo láfún náà, ó sì wò mí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a tó ń di ẹrù.

"Arígidì ni mò ń lọ," ó ní. "Ilé bàbá mi ṣì wà níbẹ̀."

"Ta ló kù nínú ẹ̀?"

"Kò sẹ́nìkankan."

"Ta ni ẹ wá fẹ́ máa kí láàárọ̀?"

"Àbúrò mi, jẹ́ n lọ. Ìwọ náà máa jẹun. Oore yìí ti pọ̀ jù."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

Gbágùúdá tó ti rẹ sómi, tó sì ti fún, wà nínú bàsíà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé e rù. Mo sọ fún un pé bó bá fẹ́ lọ, kó wá gba bàsíà rẹ̀ lórí àpáta. Ó tẹ̀lé mi, ó ń pariwo pé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, pé ṣé mo fẹ́ kí wọ́n lé èmi náà ni. A jọ dé orí àpáta báyẹn, pẹ̀lú ariwo. Gbogbo wọn dúró wò wá. Mo dà á sí àyè rẹ̀, láàárín òkúta rẹ̀, mo sì ń tẹ́ ẹ.

Olórí wa dúró lé mi lórí.

"Ìyàwó Ìkàrẹ́, òjò máa rọ̀ lónìí o."

"Ẹ jẹ́ kó rọ̀, ọkọ mi."

"Mo ti sọ fún ẹ, a ò ní fọwọ́ kàn án."

"Mi ò ní kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bó bá rọ̀ tí ẹ ò sí nílé, màá kó tiyín."

Ó padà sí àyè tirẹ̀. Ìyálé mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọwọ́ fọ́ èyí tó dì pọ̀, kí oòrùn lè dé inú rẹ̀.