Ìgbà Tí Eku Gé Wáyà Họ́ọ̀nù Mi

Eku ló fa gbogbo ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo tẹ họ́ọ̀nù ọkọ̀ mi, kò dún. Mo tún un tẹ̀, bí ẹni ń tẹ ìrọ̀rí. Ní Igando wa yìí, tí o ò bá ní họ́ọ̀nù, àwọn ọlọ́kadà á fojú ẹ rí màbo. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà ló ká mi lára. Ọ̀rọ̀ Màmá ni.

Màmá yìí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ilé wọn ló gbẹ̀yìn ní àdúgbò wa kéèyàn tó bọ́ sí títì. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó síwájú ilé pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Bí mo bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, màá tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì, pí-pí, ìkíni tèmi nìyẹn. Wọn á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lọ, á ṣọ́ ẹ bọ̀ o!" Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì ń gbàdúrà kí n tó jáde, ṣùgbọ́n bí mi ò bá gbọ́ ti Màmá yẹn, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Họ́ọ̀nù ò wá dún mọ́, gíláàsì ọkọ̀ sì wà lókè nítorí eruku, mo bá juwọ́ sí wọn. Màmá ò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, mo tún juwọ́, mo tún fi ẹ̀rín kún un. Màmá kàn ń wo ọ̀ọ́kán bíi pé n kò sí níbẹ̀. Inú bí mi! Mo rántí pé nígbà tí mo fọ ọkọ̀ lọ́jọ́sí, omi ọṣẹ ṣàn lọ síwájú ilé wọn, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí i. Àṣé nítorí omi lásán ni wọ́n ṣe ń bá mi yodì! Èmi náà gbójú síwájú, mo ń kọjá lọ tèmi. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Ìkòtún, inú mi á ti bàjẹ́. Mi ò fẹ́ kí Màmá máa bínú sí mi, kí n má parọ́.

Réwáyà tó máa ń bá mi tún iná ọkọ̀ ṣe ní, "Mò ń bọ̀, Àǹtí," ó sì ń bọ̀ títí di Sátidé. Sùúrù mi tán. Mo ró ìró mi dáadáa, mo ṣí iwájú ọkọ̀. Ọkọ mi yọ sí mi pẹ̀lú ife tíì, ó ní, "Ìyá Réwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́ jàre, kó bá mi tan tọ́ọ̀ṣì.

Mo kọ́kọ́ tú orí bátìrì. Mo wo fíúsì, kò jó. Mo wá tẹ̀ lé wáyà lọ sẹ́yìn bọ́ńpà, níbi tí họ́ọ̀nù fúnra ẹ̀ wà. Eku ti gé e sí méjì, ó tún yàgbẹ́ síbẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ bó ẹnu wáyà, mo lọ́ ọ pọ̀, mo fi téèpù dúdú wé e, mo dá orí bátìrì padà.

Ẹ gbà mí o! Họ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í ké láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Wáyà mìíràn tí iná kì í kúrò lára ẹ̀ ni mo so ó mọ́. Gbogbo ará ilé yọjú. Ìyàwó ilé òkè ń pariwo, "Àǹtí, ṣé olè ni?" Ọkọ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó mí. Mo já bátìrì, mo tú gbogbo ẹ̀, mo wá ẹnu wáyà gidi rí, mo tún un so. Mo tẹ̀ ẹ́: pí-pí. Ijó ni mo bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gírísì lọ́wọ́.

Mi ò tiẹ̀ fọ ọwọ́ ọ̀hún. Mo wa ọkọ̀ lọ síwájú ilé Màmá, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá sáré dìde. "Ọmọ mi! Níbo lo wà látọjọ́ yìí? Ṣé ọ̀rọ̀ omi yẹn ló ṣì ń bí ẹ nínú ni?"

Mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Èmi kẹ̀, Màmá? Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá! Họ́ọ̀nù ló bàjẹ́. Mo juwọ́ sí yín títí, ẹ ò dá mi lóhùn."

Wọ́n na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà ń wá mi kiri, èjìká mi ló kọ́kọ́ bà kó tó dé ojú mi.

"Ọwọ́ wo, ọmọ mi? Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọwọ́ èèyàn gbẹ̀yìn. Họ́ọ̀nù ẹ ni mo fi ń dá ẹ mọ̀."

Gbogbo wa là ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Màmá ò tiẹ̀ kọbi ara sí i, wọ́n ṣì ń tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wò bí ẹni ń ra tòmátì. Lójijì wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! O mà ti sanra o!"