Fèrèsé Ìrókò Tó Kù ní Òpópónà Wa

Èéfín ló dá bàbá arúgbó náà dúró. Ó ti nawọ́ láti gba ẹ̀kọ kẹ́ńkì rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin Àṣáńtì tó ń tà á lójúde wa, ló bá fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fimú fa òórùn iná. Èmi jókòó ti ìkòkò, mò ń ti igi sínú iná.

Ó ní, "Ìrókò nìyí. Ọmọ mi, níbo lẹ ti rí i?"

"Bàbá, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, fèrèsé wa ni. Dádì ló ní kí n kó o fún wọn."

Òun ni káfíńtà tó ṣe fèrèsé gbogbo òpópónà wa ní àdúgbò Ashanti New Town, nígbà tí àwọn Yorùbá oníṣòwò ń kọ́lé síbẹ̀: ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níwájú, àgbàlá láàárín, fèrèsé onílẹ̀kùn méjì tó gbẹ́ ewé kòkó sí lára. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé àwọn àlejò kúrò nílẹ̀ wọn, àwọn onílé di ẹrù wọn lọ. Òun kò lọ, àwa náà sì dúró. Àwọn tó gba ilé wọ̀nyẹn ń yọ igi rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi dígí tó ń ṣí gba afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Láràárọ̀, bí mo bá ń lọ síléèwé, èmi àti bàbá arúgbó náà jọ máa ń rin òpópónà náà já. Á máa sọ ẹni tó kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan fún mi, àti ìlú tó ti wá. Èmi á máa dáhùn "hẹ̀n-ẹ́n", ọkàn mi á wà níbòmíràn. Ó ti bẹ bàbá mi títí pé kó má yọ tiwa, pé fèrèsé náà nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí pé àwa Yorùbá gbé ibẹ̀ rí. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Afẹ́fẹ́ ló ń wá.

Obìnrin náà rò pé igi ìdáná ló wù ú, ó ní kó mú díẹ̀. Bàbá arúgbó náà mirí. Ó gbé pákó kan tí ewé rẹ̀ ṣì pé, ó fi àtàǹpàkò nu eérú ara rẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Tì í síná. Kẹ́ńkì wọn ò tíì jiná."

Mo tì í síná.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà kọjá. Kò pẹ́ tó fi kú.

Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo mú ọmọ mi lọ síbẹ̀. Ó nàka sí ilé kan, ó bi mí pé ta ló kọ́ ọ. Mo wò ó títí, ojú tì mí, mo ní n kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàbá arúgbó náà ti sọ ọ́ fún mi rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.