Omi Tí Ìyá Àgbà Ń Retí

Òórùn ẹrẹ̀ gbígbẹ ló máa ń dé sí mi nímú tí mo bá gbọ́ ìrìbọmi. Lọ́dún náà, odò ẹ̀yìn ilé wa ní Ìsánlú-Ìsin gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ sán, omi tó kù lábẹ́ àpáta kò tó èyí tí ewúrẹ́ méjì lè mu. Inú odò yẹn sì ni ìjọ ti ń ri èèyàn bọmi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ń retí tiwọn. Ilé Mùsùlùmí ni a ti bí wọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí Bàbá Àgbà kú ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń tọrọ ni ìrìbọmi kí wọ́n tó lọ bá a. Àìsàn dé, òjò kò dé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo wà ní Òrò nígbà náà, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni ni mo ń kọ́. Wọ́n ti kọ́ wa pé omi tó ń ṣàn ni àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí, wọ́n á da omi sí èèyàn lórí lẹ́ẹ̀mẹta, ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Mo gbé e tọ pásítọ̀ lọ tayọ̀tayọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n fọwọ́ ha irùngbọ̀n, wọ́n ní, “Arábìnrin, ìsìnkú ni ìrìbọmi níjọ tiwa. Ta ní ń wọ́n erùpẹ̀ díẹ̀ sórí òkú, tí á ní òun ti sin ín?”

Ìwọ náà á máa sọ nínú ara rẹ pé kí ló dé tí a ò gbé wọn lọ síbi tí omi wà. Ọ̀rẹ́ mi, ara wọn kò gba àgbéká mọ́. Tí a bá fọwọ́ kan ìhà wọn lásán, igbe ni. Nígbà tí pásítọ̀ fojú ara wọn rí i, àánú ṣe wọ́n, wọ́n gbà pé ká da omi náà. Mo sáré wá ohun tí a ó fi dà á. Bútà tí Ìyá Kékeré fi ń ṣe àlùwàlá lọwọ́ mi bà. Àbúrò Ìyá Àgbà ni Ìyá Kékeré, inú ilé kan náà la jọ ń gbé, wọn kò sì fi ẹ̀sìn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní tiwọn. Bí Ìyá Àgbà ti fojú kan bútà, wọ́n kọjú sí ògiri.

“Àlùwàlá lẹ tún fẹ́ ṣe fún mi yìí? Mo ti ṣe é láti kékeré. Omi tó máa bò mí ni mo ń wí.”

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀bẹ̀. “Ìyá, bí a ò bá rí àdán, ṣebí òòbẹ̀ là ń fi ṣẹbọ?”

“Ẹbọ kọ́ ni mo fẹ́ rú, ọmọ mi.”

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú wọn. Mo gbé abọ́ wá dípò bútà, Ìyá Àgbà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń jáde lọ wo ojú ọ̀run, ọyẹ́ ló ń fẹ́. Kí ni èèyàn lè fi òjò ṣe? Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà dákẹ́, ojú wọn ṣì wà lára ògiri náà.

Ìyá Kékeré ló ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò wa. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n yí ojú ẹ̀gbọ́n wọn sókè, wọ́n gbé bútà yẹn lé mi lọ́wọ́. “Dà á. Láti ọ̀tún.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dà á, láti orí dé ẹsẹ̀, ọwọ́ Ìyá Kékeré sì ń tẹ̀ lé omi náà bí ìgbà tí èèyàn ń wẹ ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ní Òrò dé ẹnu mi, ó há síbẹ̀. Mo mọ̀ pé a kì í ri òkú bọmi. Èmi kì í ṣe pásítọ̀.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín ní ṣọ́ọ̀ṣì?” Ìyá Kékeré bi mí, omijé ń bọ́ lójú wọn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Òjò dé lẹ́yìn ìsìnkú, odò kún, pásítọ̀ ri àwọn tó kù bọmi. Olùkọ́ ni mí báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń béèrè bóyá omi orí lásán tó, mo sì máa ń sọ fún wọn ohun tí ìjọ ìjímìjí ṣe. Bó bá kan ti Ìyá Àgbà, n kò mọ̀, n kò sì rí ẹni tí mo lè bi. Mo kàn mọ̀ pé ọwọ́ mi ló da omi náà, ó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, wọn kò sì kọjú sí ògiri mọ́.