Ìbọn Tí Kò Dún Rí

Ọlọ́pàá méjì ló wá gba ìbọn lọ́wọ́ Àlàájì Sàlàhúdíìnì ní Láfẹ́nwá. Ẹnìkan ló lọ sọ fún wọn pé bàbá arúgbó kan tó ń ta nǹkan àtijọ́ gbé ìbọn kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n dé, ojú wọn le.

"Bàbá, ìbọn yẹn dà?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Òun ló wà lókè yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gbé nǹkan kúrò níbí láì gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í.

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ láti orí alágbẹ̀dẹ tó rọ ìbọn náà, ó bọ́ sórí ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ó yà sílé àna alágbẹ̀dẹ ní Wásinmi. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Ó lọ kírun, ó padà wá bá wọn, ó ní, "Ibo la dé?" Nígbà tí aago méjì fi máa lù, bàbá ńlá bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ṣakabùlà náà léjìká ni, ó dojú kọ àwọn ọmọ ogun Dàhòmì.

"Ó yìn ín?" Èyí tó kéré nínú àwọn ọlọ́pàá náà ti gbàgbé ohun tó gbé e wá.

"Kò yìn ín. Ó gbàgbé ẹ̀tù sílé."

Àgbà ọlọ́pàá dìde. "Bàbá, ìbọn tí kò dún lójú ogun, kí la fẹ́ fi ṣe ní àgọ́?"

"Ìtàn ò tíì tán o!" Àlàájì ń tẹ̀ lé wọn lọ síta. Ńṣe ni wọ́n sáré wọ ọkọ̀.

Ọjà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà: ońíní tó nihò láàárín, tọ́rọ́, ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà, òrùka fàdákà tí orúkọ ẹni tó ni ín ti pa rẹ́. Títà ni kò fẹ́ràn. Túbọ̀sún, olùkọ́ kan, bi í léèló ni sílè kan. Ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

"Mo gbà, sà."

Àlàájì gba sílè náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. "O gbà? Bẹ́ẹ̀ lásán? Ìwọ ò tilẹ̀ ní pè mí lólè? Máa lọ sílé."

Túbọ̀sún padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní sílè náà ti dípẹtà, ó ní Àlàájì ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀. Inú bàbá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Nílé, sísá ni wọ́n ń sá fún un. Bó bá ti ní, "Ìbọn yìí tí ẹ rí," Sìlífátù ọmọ rẹ̀ á dìde, á ní ọbẹ̀ òun ń jó. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀ẹ̀kan péré lọbẹ̀ náà jó lóòótọ́, lọ́jọ́ tó gbìyànjú láti jókòó gbọ́ ọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni Àlàájì kú, lórí àga rẹ̀, níbi tó ti ń sọ ìtàn òrùka kan fún oníbàárà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ní Láfẹ́nwá fẹ́ kó parí rẹ̀.

Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́ ni wọ́n wá iyùn tì. Iyùn ìyá ńlá wọn ni, òkùn kan péré, wẹ́wẹ́, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ọmọbìnrin ilé náà tí wọ́n so yìgì rẹ̀ láìsí i lọ́rùn. Bí ọjọ́ náà bá ku ọ̀la, bàbá á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra, á sì gbé e jáde. Yìgì Ameenah, ọmọ Sìlífátù, wá ku ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n tú àpótí, wọ́n tú bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tú àpò agbádá. Kò sí.

"Bàbá ti tà á," ni Sìlífátù wí, ó bú sẹ́kún.

"Màmá, Bàbá Àgbà? Kí wọ́n ta nǹkan?"

Ọkàn Sìlífátù ti lọ sọ́dọ̀ Mobọ́lájí, obìnrin tó ń ta wúrà ní Ìbarà. Ó ti rí iyùn náà nínú fọ́tò ìgbéyàwó Sìlífátù lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, oṣooṣù ló sì ń wá bẹ bàbá pé kó tà á fún òun. Nígbà tí Mobọ́lájí fúnra rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sìlífátù dìde lọ pàdé rẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ìyá Ameenah."

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ra iyùn wa?"

"Kí n rà á bí i báwo? Lọ́wọ́ bàbá yín?" Mobọ́lájí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbọ́ ìtàn ìbọn! Ìgbà tí mo gbọ́ ọ tán ni wọ́n tó ní mi ò lè rà á, pé Ameenah ló kàn."

"Ìbọn? Kí ló kan ìbọn?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ dé òpin ni?"

Ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ilẹ̀.

"Bàbá tó gbàgbé ẹ̀tù, nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní níwọ̀n bí kò ti rí nǹkan fi sí i, òun rí. Ó ju iyùn rẹ̀ sẹ́nu ìbọn, kí ọ̀tá má baà kó o. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ náà niyùn yín ń sùn."

Ameenah ló gun àga. Wọ́n da ẹnu ìbọn délẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Òwú já bọ́. Lẹ́yìn náà iyùn rọra yọ jáde, ó wọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọge.

Sìlífátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi." Lẹ́yìn náà ló rántí ọlọ́pàá méjì náà, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọjọ́ tí Bàbá sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin!"

"Èmi rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa," ni Ameenah wí.

Wọ́n so yìgì náà, iyùn wà lọ́rùn ìyàwó. Sìlífátù gbé ìbọn padà sára ògiri, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sókè.

"Ìyá, èló nìbọn yẹn?"

Sìlífátù fa àga bàbá rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó," ó ní. "Mi ò gbé ọbẹ̀ kankan kaná."