Dírẹ́bà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa nítorí ọpẹ́

Dírẹ́bà kan ti ilẹ̀kùn mọ́tò mọ́ wa ní Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀ yìí.

Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀kalẹ̀ láì kọ́kọ́ dúpẹ́ ohun kan lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Èmi tíṣà tí mo ti pẹ́!

Mo ní, "Mo dúpẹ́ pé a dé láyọ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Ó ní, "Gbogbo wọn ló ti sọ ìyẹn, Àǹtí. Ẹ wá tiyín."

Inú bí mi.

Màmá àgbàlagbà tó jókòó tì mí bá nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Èmi dúpẹ́ nítorí ọmọ yìí. Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti sùn lé e léjìká, kò jí mi."



Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí wọn tó wúwo ni mo ń kùn sí látọ̀nà wá!

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa sọ kó tó ṣílẹ̀kùn?